Ìyá Nidal Ti Gbà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ Maysun àti Nidal kò jinlẹ̀ ló fi tú ká, ẹ má dá a lóhùn. Ó jinlẹ̀. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yẹn ní Amman la mọ̀, títí kan àwọn tó ń nu ilẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ kò ju lẹ́tà kan lọ, lẹ́tà tí wọ́n ní kí Maysun lọ fi jíṣẹ́, tó sì tì í bọ inú àpò rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, inú sì máa ń bí mi pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Maysun nígbà náà. Ó ti ka gbogbo ohun tí ìwé lè kọ́ni nípa ọpọlọ àti ìrònú ọmọ ènìyàn ní yunifásítì. Ó wá ku ọdún kan gbáko tó gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ìrántí wọn ń bàjẹ́. Dókítà Inaam ni ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbójú fo nǹkan kan. Bí Maysun bá ti jókòó síwájú aláìsàn, Dókítà Inaam á fà sẹ́yìn sí igun yàrá, á dákẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ dúró kí aláìsàn jáde ná.

"Kí ló dé tó o fi rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá yẹn rántí orúkọ ọmọ rẹ̀?"

"Inú mi ló dùn, mà."

"O ti jẹ́ kó mọ̀ pé òun gbà á. Látìgbà yẹn, ojú rẹ ló ń wò, kò wá inú orí ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́. Lọ́la, o máa tún un ṣe."

Maysun á sunkún díẹ̀, á sì tún un ṣe. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé ọsibítù ló ti pàdé Nidal, níbi ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú orí. Bàbá arúgbó kan ni Maysun mú lọ síbẹ̀, bàbá náà sì fàáké kọ́rí, ó ní òun ò ní wọ inú ihò láìtíì kú. Nidal tó ń darí ẹ̀rọ náà kò bá a jà. Ó lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ibẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìdí tẹ́ ò fi fẹ́ wọlé yé mi. Ibí tura débi pé, tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ò ní fẹ́ jáde mọ́!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Bí àwòrán ti ń jáde, Nidal yíjú sí Maysun.

"Iṣẹ́ kan náà lèmi àtìẹ ń ṣe," ó ní. "Èmi ń ya àwòrán ilé, ìwọ ń kanlẹ̀kùn wò bóyá onílé ṣì wà níbẹ̀."

Ó tán! Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin padà sí Salt, ìlú kékeré kan nítòsí Amman, nítorí ọmọ Salt làwọn méjèèjì. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, àpò Maysun láàárín wọn kí àwọn ènìyàn má bàa rí wí. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Nidal sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó.

Ìyá Nidal ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Mi ò gbà," ó ní.

Opó ni Ìyá Nidal, Nidal nìkan ló sì ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò bàbá Nidal kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àǹtí Fadwa, òun ló gba iṣẹ́ alárenà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílé Maysun, ó jókòó ti Sabah ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mu ife tíì mẹ́ta kó tó lè sọ ohun tó bá wá.

"Sabah, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ó ní òun ò gbà."

"Tìtorí mi ni?"

"Tìtorí ẹ ni. Ó ní ìyá tó já ọkọ sílẹ̀, ọmọ ẹ̀ náà á já ọmọ òun sílẹ̀. Ó tún ní Tahani, ọmọ àbúrò òun, ló ti wà lọ́kàn òun fún Nidal látìgbà tí wọ́n ti ń rákòrò."

"Fadwa, ṣé èmi ni mo já ọkọ sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló gbé ẹlòmíì wọlé, tó gbé àpótí mi síta?"

"Mo mọ̀. Gbogbo Salt ló mọ̀. Ìyá Nidal náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tí obìnrin yẹn bá ti di nǹkan mú, ọwọ́ ẹ̀ kì í tú."

Maysun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé ìyá rẹ̀ kò tún sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó kàn tẹ ẹ̀rọ, ó ń rán kọ́tìnnì ọlọ́kọ́tìnnì lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi rán kọ́tìnnì kí Maysun lè kàwé. Ìgbéyàwó ọmọ yìí nìkan ni ohun tó ń retí tó máa pa àwọn ará àdúgbò lẹ́nu mọ́.

Ní àkókò yẹn kan náà, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn Maysun. Kí Dókítà Inaam tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti dán ìrántí aláìsàn wò fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán ogún àgbàlagbà tára wọn le wò, ènìyàn lásán, kó lè mọ bí orí tó pé ṣe ń dáhùn. Á gba ohùn wọn sílẹ̀, á kó ìwé àti ohùn fún ọ̀gá, wọn á jọ gbọ́ ọ. Maysun ti ṣe mẹ́tàdínlógún. Àwọn ìyá ọ̀rẹ́ àti bàbá aládùúgbò ti tán.

"Wá ṣe ìyá mi," Nidal sọ fún un nínú bọ́ọ̀sì.

"Kò ṣeé ṣe. Òfin àkọ́kọ́ tí Dókítà fún wa nìyẹn. Ẹni tó o fẹ́ràn, ẹni tó o ń bẹ̀rù, ẹni tó o ń wá ojúure ẹ̀, má dán an wò."

"Ìyá mi ò tíì di ìyá ọkọ ẹ. Kò tiẹ̀ gbà ẹ́. Kí ló wá kàn ọ́ pẹ̀lú ẹ̀?"

"Nidal, má fi mí ṣeré."

"Mi ò fi ọ́ ṣeré. Àǹtí Fadwa ló mú àmọ̀ràn náà wá, ó ní Mama kì í lé àlejò, àti pé tí Mama bá rí bó o ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àgbà, ọkàn ẹ̀ á rọ̀. Jọ̀ọ́. Wá ṣe é."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé Salt. Maysun rò pé ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ó gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun àtẹ̀gùn òkúta yẹn dé ilé Ìyá Nidal. Ólífì àti wàràkàṣì ti wà lórí tábìlì, tíì ti ń rú èéfín. Àǹtí Fadwa ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ní ò ń tú orí àwọn èèyàn?" Ìyá Nidal bi í.

"Mi ò tú orí ẹnikẹ́ni o, Ìyá. Ìbéèrè lásán ni mò ń bi wọ́n."

"Ó dáa, béèrè. Àmọ́ tó o bá bá wèrè níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí Fadwa ló ti ràn mí."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀ o!" ni Àǹtí Fadwa pariwo, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Àyà Maysun balẹ̀ díẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Ó sọ ìtàn kékeré kan fún un, bí ìdánwò ṣe là á sílẹ̀: Salma gbé agbọ̀n ọ̀pọ̀tọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Jerash, òjò dá a dúró lójú ọ̀nà, awakọ̀ kan sì gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Nidal tún un sọ lójú ẹsẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ó tiẹ̀ fi èpè kún un fún òjò. Maysun ní kó dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

"Ewúrẹ́. Àgùntàn. Màlúù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Ó dúró. "Ewúrẹ́. Ẹ ò rí i pé ewúrẹ́ pọ̀ ní Salt?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àgùntàn."

Maysun ní kó ya aago tó ń lù mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ya róbótó náà dáadáa, ó wá kó gbogbo nọ́ńbà sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì sì ṣófo. Ó wò ó títí, ó ní bírò náà ni kò dáa. Nígbà tó pé ìdajì wákàtí, Maysun béèrè ohun tó kẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ rántí ìtàn tí mo sọ fún yín?"

"Ìtàn wo?"

"Ti obìnrin kan tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀."

"O ò sọ ìtàn kankan fún mi."

Àǹtí Fadwa sáré wo Maysun.

"Ó gbé agbọ̀n kan dání, Ìyá."

"Ọmọ yìí, mo ní o ò sọ ìtàn kankan. Mu tíì ẹ, ó ti ń tutù."

Ife Maysun ti ṣófo látìgbà tó ti pẹ́. Ó gbé e, ó fi kan ẹnu, ó ní, "Ó dùn, Ìyá." Nígbà tí Nidal wọlé, ìwé tó wà lọ́wọ́ Maysun ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa," Maysun ní.

Lọ́jọ́ Tuesday, Dókítà Inaam gbọ́ ohùn náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orúkọ kò sí lórí ìwé, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ péré ni wọ́n ń kọ.

"Ta ni obìnrin yìí?"

"Aládùúgbò wa ni, mà."

"Ṣé nǹkan kan wà láàárín yín?"

"Rárá, mà."

Irọ́ kékeré ni lójú Maysun, irọ́ kí ọ̀gá má bàa mọ̀ pé ó ti rú òfin. Dókítà Inaam kọ lẹ́tà, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́. "Fún ọmọ ẹ̀. Kó mú un wá lọ́sẹ̀ yìí. Ìdánwò kan ò tó láti pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn, mo sì ti rí ẹni tí ara ẹ̀ padà bọ̀ sípò nítorí pé oògùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ wò ó. Má jẹ́ kó pẹ́."

"Mà á fún un lónìí, mà."

Ọlọ́run mi ò ní jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ fún un lóòótọ́. Bó ṣe jókòó sínú bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin, ó ti ṣí àpò, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí àpòòwé. Nidal fò wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, kò tiẹ̀ kí i.

"Maysun! Mama ti gbà!"

"Kí ló gbà?"

"Ìwọ! Ó ti gbà ẹ́! Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, mo ti múra èébú sílẹ̀, ló bá ní, 'Ọmọbìnrin wo? Ẹni tó wá mu tíì níbí? Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ fẹ́ ẹ.' Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́!"

Maysun fa ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú àpò. Ó bú sẹ́kún, Nidal sì rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ náà kúkú ni. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn gan-an ló sì dun òun fúnra rẹ̀ jù lẹ́yìn ìgbà náà.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á dúró di ọjọ́ Friday. Nígbà tó di Friday, Àǹtí Fadwa ti wá sí ilé wọn pẹ̀lú àtẹ kunáfà, àkàrà dídùn tó ṣì gbóná, ó ń jó wọlé. "Sabah, dìde! Ìyá Nidal ti gbà!" Ìyá Maysun kò jó. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sunkún. Ta ló fẹ́ lọ fa lẹ́tà yọ nírú ọjọ́ yẹn?

Maysun lọ kí Ìyá Nidal lọ́sẹ̀ kejì. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ìyá, mo wá dúpẹ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín, níbi tẹ́ ẹ ti kọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Èmi? Nígbà wo ni mo kọ̀?" Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fadwa ni, àbí? Ẹnu Fadwa ò dáa." Ó fa Maysun mọ́ra, ó fi ẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Họ̀wù, ẹni tó gbàgbé pé òun kọ̀, ṣé ó ti gbà nìyẹn? Ìbéèrè yẹn ni Maysun ń bá sùn, òun ló sì ń bá jí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní ẹ̀ka yẹn tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún máa sọ fún ara rẹ̀ pé àròsọ ìlú ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá tó já ọkọ sílẹ̀ àti ọmọ tó máa já ọkọ sílẹ̀, pé ìyá òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, pé kíkọ̀ yẹn gan-an ló burú, gbígbà yìí ló tọ́. Ọjọ́ ìtọrọ, tí ẹbí Nidal máa wá tọrọ rẹ̀, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ìtọrọ bá ti kọjá, òun á fún Nidal ní lẹ́tà lọ́jọ́ kejì gan-an. Òun fúnra òun á máa tọ́jú Ìyá. Ta ló tún lè tọ́jú rẹ̀ jù òun lọ?

"Obìnrin yẹn dà?" Dókítà Inaam béèrè.

"Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, mà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: "Kò tíì dé?"

"Wọ́n ti mú un lọ sí ọsibítù mìíràn, mà."

Dókítà Inaam wò ó, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ ìtọrọ pé, ọjọ́ Friday lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn àgbà ẹbí Nidal kún pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá Maysun. Wọ́n gbé kọfí fún èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, kò fi kan ẹnu. Ó ní ohun táwọn bá wá kò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá Maysun dáhùn pé, "Ẹ mu kọfí yín. Ọmọ wa ti di tiyín." Bàbá náà gbé ife, ó mu ún, ó sì parí. Igbe ayọ̀ àwọn obìnrin sọ láti yàrá inú.

Yàrá inú yẹn ni Maysun wà, láàárín ogún obìnrin, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun àkọ́kọ́ tó rán fún ara rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ìyá Nidal jókòó sí àárín àga. Igbe yẹn ta á jí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Fadwa, ìyàwó ta ni wọ́n ń ṣe?"

Àǹtí Fadwa sáré rẹ́rìn-ín. "Ti Nidal ni! Ẹ máa ń ṣeré jù!"

"Nidal tèmi? Ta ló ń fẹ́?"

"Maysun nìyí o, ìyàwó ẹ̀."

Ìyá Nidal dìde. Ó wo Maysun láti òkè dé ilẹ̀, ó wá rí Sabah. "Ọmọ obìnrin yìí? Èyí tó já ọkọ ẹ̀ sílẹ̀? Mo ti sọ fún Nidal pé mi ò gbà! Tahani ni mo ní kó fẹ́! Ta ló gbé mi wá sílé obìnrin yìí? Ẹ̀yìn mi lẹ fẹ́ gbà ṣe é?"

Sabah dúró síbẹ̀ nínú aṣọ tuntun rẹ̀, gbogbo obìnrin Salt ń wò ó, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ síta ni. Nidal gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé.

"Mama! Ẹ̀yin lẹ gbà! Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́!"

"Irọ́! Irọ́ lò ń pa mọ́ mi!" Ó fẹ́ já síta, kò sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Maysun kò ronú. Ó dúró síwájú Ìyá Nidal, ó mú ojú ara rẹ̀ wá sí ọ̀gangan ojú ìyá náà, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá, Maysun ni mí. Ẹ wà ní Salt. Nidal nìyí, ó wà níbí. Kò séwu. Ẹ jókòó díẹ̀. Omi nìyí." Ìyá Nidal jókòó. Ó mu omi. Mímí rẹ̀ rọ̀.

Nígbà tí Maysun gbójú sókè, Nidal ń wò ó. Ó ti gbọ́ ohùn yẹn rí ní ìsàlẹ̀ ilé ọsibítù, lẹ́nu ẹ̀rọ, lójoojúmọ́. Ohùn tó ń lò fún àwọn aláìsàn ni.

"O ti mọ̀," ó ní.

Maysun fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Dókítà kọ lẹ́tà fún ẹ. Ó wà nínú àpò mi."

Àwọn ọkùnrin tó ti mu kọfí tán jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó kí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ara wọn, ní ibùdókọ̀. Nidal kò wọ bọ́ọ̀sì. Maysun náà jẹ́ kó lọ.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," Nidal ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi jókòó tì mí, tó o gbé e sínú àpò yẹn láàárín èmi àtìẹ. O fi àìsàn ìyá mi gbọkọ."

Maysun ti sunkún tán nílé. Kò sí omijé kankan mọ́. "Ìwọ ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ ayé lo fi ń wo àwòrán orí. Ìyá ẹ ń jẹun níwájú ẹ lójoojúmọ́. Ta ló bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú bọ́ọ̀sì pé kí n wá dán an wò?"

Nidal yíjú sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì gbà lọ.

"Dá mi lóhùn."

"Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń pa gáàsì lẹ́yìn ẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò lè sọ ọ́ jáde. Mo fẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ fún mi. Mo ń retí ẹ. Nígbà tó o ní ó dáa, mo ní bóyá ó dáa náà."

"O mọ̀ pé kò dáa."

"Mo mọ̀."

"Lọ́jọ́ tó gbà mí, tó o sáré wọ bọ́ọ̀sì, o mọ ohun tó jẹ́ kó gbà?"

"Mo mọ̀."

"A jọ jí gbígbà yẹn ni, Nidal. Má wá pe èmi nìkan lólè."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A jọ jí i." Ó ń sunkún báyìí, ní gbangba, láàárín àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. "Ìdí tí mi ò fi lè fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí mo bá ń wò ẹ́, ohun tí mo ṣe sí Mama ni mo ń rí. Ohun tó sọ kẹ́yìn nígbà tí orí ẹ̀ pé ni pé kí n fẹ́ Tahani. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an nìyẹn."

"O sì fẹ́ràn Tahani?"

"Rárá."

"O fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ san ẹ̀ṣẹ̀ ẹ."

"Maysun, jọ̀ọ́."

"Máa lọ," Maysun ní. Inú bí i débi pé kò wẹ̀yìn nígbà tí òun náà ń lọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀ náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí inú rẹ̀ tètè rọ̀.

Dókítà Inaam kò jágbe mọ́ ọn. Ó ti rí Ìyá Nidal, ó ti rí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò fi nǹkan kan kún àìsàn yẹn," ó ní. "Má fi ìyẹn tu ara ẹ nínú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó ṣì lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ẹni tó fẹ́ kó tọ́jú òun, ibi tó fẹ́ máa gbé, ohun tí kò fẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ẹ yìí ti ṣòfò. Wá tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án."

"Kí ló dé tẹ́ ò lé mi, mà?"

"O ò ní ṣe é mọ́. Àwọn tí kò tíì ṣe é rí ni mò ń bẹ̀rù."

Nidal fẹ́ Tahani nígbà òtútù. A lọ, a jẹun, a ṣàdúrà fún wọn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nidal gba iṣẹ́ ní ọsibítù mìíràn. Sabah padà sídìí kọ́tìnnì rẹ̀, kò sì bá ọmọ rẹ̀ wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Maysun ní òun ì bá fẹ́ kó bá òun wí.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, Maysun ti ń dán aláìsàn wò fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé fáìlì tó kàn, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó sì lọ bá Dókítà Inaam lójú ẹsẹ̀.

"Mo mọ obìnrin yìí, mà. Mi ò lè dán an wò."

"Ó dáa. Gbé fáìlì sílẹ̀. Mà á ṣe é fúnra mi."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Nidal jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Tahani lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Maysun fẹ́ kọjá lọ. Ìyá Nidal na ọwọ́, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ dáadáa. Ọwọ́ ẹ tutù. Ṣó o ti lọ́kọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Họ̀wù! Arẹwà báyìí? Mo ní ọmọkùnrin kan. Nidal lorúkọ ẹ̀, ó ń ya àwòrán ní ọsibítù. Kò tíì níyàwó o."

Tahani tẹrí ba, ó fi ọwọ́ bo ikùn rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó sọ fún Maysun jẹ́jẹ́. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: kí o rọra yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn, kí o béèrè nípa oúnjẹ àárọ̀, kí o yin aṣọ rẹ̀. Maysun mọ gbogbo rẹ̀. Kò lo ọ̀kankan.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé ó máa gbà fún mi?"

Ìyá Nidal rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu àyà. "Ìyá ẹ̀? Èmi gan-an ni ìyá ẹ̀! Mo gbà. Lọ sọ fún ìyá ẹ pé mo ní mo gbà."

"Mo gbọ́, Ìyá. Mà á sọ fún un," Maysun ní.